IPA: kí ni lẹ́tà mẹ́ta yìí ń sọ lára agolo bíà?

ArálùúPeckham

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà inú agbo yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Nílé ọtí kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n lè kọ IPA mẹ́rin sára pátákó: ọ̀kan jẹ́ 3.6%, ìkejì 5%, ìkẹta 6.5%, ìkẹrin 8.5%. Ọ̀kan pọ́n bí idẹ, ọ̀kan tòrò bí oyin, ọ̀kan rú bí omi ọsàn, ọ̀kan dúdú bíi stout. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Kí ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí gan-an? Báwo lèèyàn sì ṣe ń fi í béèrè ọtí tí wọn ò fi ní gbé ohun tí kò fẹ́ wá fún un?

ÀgbáIgi

Àbúrò, ìbéèrè tó yẹ lo béèrè. Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ náà palẹ̀. I ni India, P ni Pale, A ni Ale. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan là ń pè: áì-pí-èè. Bó o bá pè é ní "ípà" fún ẹni tó ń ta ọtí, kò ní mọ ohun tí ò ń wí.

Ká ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ale ni bíà tí ìwúkàrà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ooru díẹ̀, nǹkan bíi dígírì 18 sí 22, tó sì máa ń parí iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lager, irú èyí tí Star àti Trophy jẹ́, inú òtútù ni ìwúkàrà tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń falẹ̀.

Pale jẹ mọ́ àwọ̀ ọkà. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi igi yan ọkà báálì, iná ò ṣeé kápá, ọkà á pọ́n, á dúdú, á gbóòórùn èéfín. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kókì yan án, ìyẹn èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti sun èéfín kúrò lára rẹ̀, ni wọ́n tó ń rí ọkà tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, "pale" ò ní kí ọtí funfun. Ohun tó ń sọ ni pé kò dúdú bíi porter tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń mu nígbà náà. Èyí tó pọ́n bí idẹ yẹn ṣì jẹ́ pale.

India ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọn ò pọn ọtí náà ní Íńdíà, hops rẹ̀, ìyẹn òdòdó ewéko tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, ò sì ti ibẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ. Hodgson ní ilé ìpọntí kan ní Bow, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, láti 1752, kò sì jìnnà síbi tí ọkọ̀ òkun ilé iṣẹ́ East India Company ti ń gbẹ́rù. Ó ń ta àwìn fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀, wọ́n sì lè fi oṣù 18 san án. Ọkọ̀ á gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà kọjá, á la ìlà agbedeméjì ayé lẹ́ẹ̀mejì, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ló sì fi ń rìn. Bíà tó ń lọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú àgbá igi ní láti ní hops púpọ̀, nítorí hops kì í jẹ́ kí ọtí tètè kan. Wọ́n tún máa ń ju hops gbígbẹ sínú àgbá kí wọ́n tó dé e pa.

Ní 1822, ilé ìpọntí Allsopp tó wà ní Burton-on-Trent wọnú òwò náà, ilé ìpọntí Bass náà sì wọ̀ ọ́. Omi ló gbè wọ́n. Omi Burton kún fún gypsum, ìyẹn ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe POP, irú omi bẹ́ẹ̀ sì ń jẹ́ kí ìkorò hops dá ṣáká lẹ́nu, kò ní fà sẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun. Kò pẹ́ tí Burton fi gba ọjà náà mọ́ Bow lọ́wọ́.

Orúkọ náà gan-an kéré lọ́jọ́ orí ju ọtí lọ. Tẹ́lẹ̀, gbólóhùn gígùn ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, pé pale ale tí wọ́n ṣe fún Íńdíà ni. "East India pale ale" fara hàn nínú ìpolówó ìwé ìròyìn kan ní Sydney ní 1829, ó sì tún jáde ní Liverpool ní 1835.

Mo fẹ́ ká jáwọ́ nínú ìtàn kan tó wọ́pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: pé Hodgson jókòó ó sì hùmọ̀ IPA torí pé bíà mìíràn ò lè dé Íńdíà láìbàjẹ́. Porter dé Íńdíà, ó dé ibẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, òun ni àwọn ọmọ ogun ń mu. Pale ale oníhops ti wà ní England ṣáájú òwò yìí. Ohun tí Hodgson ní ni àdúgbò tó súnmọ́ ọkọ̀, àti àwìn.

ÌyáAlágbo

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá mọ Foreign Extra Stout tí wọ́n ń pọn ní Nàìjíríà ti mọ ọgbọ́n kan náà. Ní 1801, Guinness kọ ìlànà West India Porter sílẹ̀ ní Dublin: wọ́n fi kún hops rẹ̀, wọ́n fi kún agbára rẹ̀, kó lè dé àwọn erékùṣù Caribbean láìbàjẹ́. Ọtí yẹn ló di Foreign Extra Stout. Bí "Foreign" ṣe ń sọ ibi tí ọtí ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni "India" ṣe ń sọ ọ́. Orúkọ ibùdókọ̀ ni, kì í ṣe orúkọ ìlú ìbílẹ̀.

Alákọlé

Ẹ jẹ́ kí n mú un dé òde òní, torí ìtàn Bow nìkan ò lè ran ẹni tó dúró níwájú pátákó lọ́wọ́.

Ìtumọ̀ náà yí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń gba owó orí bíà nípa bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó, Ogun Àgbáyé Kìíní sì tún dín ọkà kù. Agbára bíà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúkọ ò yí. Bí IPA ṣe di bíà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí kò tó 4% nìyẹn. Greene King IPA àti Deuchars IPA wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé èyí kì í ṣe IPA gidi. Mi ò gbà. Ohun tí orúkọ náà wá di lẹ́nu àwọn tó ni ín nìyẹn.

Amẹ́ríkà ló yí i kejì. Ní 1972, wọ́n gbé hops kan tí wọ́n ń pè ní Cascade jáde láti oko ìwádìí ní Oregon. Òórùn èèpo ọsàn gíréépù ló ń ta sánsán lára rẹ̀, hops ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Fuggle àti Goldings kì í gbóòórùn bẹ́ẹ̀. Ní 1975, ilé ìpọntí Anchor ní San Francisco fi Cascade pọn Liberty Ale. Nígbà tó di 1983, apọntí kan, Bert Grant, ní Yakima, àárín oko hops wọn, fi orúkọ India Pale Ale pe ọtí tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn, IPA lẹ́nu wọn ò jẹ mọ́ Íńdíà mọ́, kò tiẹ̀ jẹ mọ́ àwọ̀ mọ́. Ohun kan ló ń sọ: hops ni wàá kọ́kọ́ gbóòórùn, hops ni wàá kọ́kọ́ tọ́ wò. Ìdí nìyẹn tí "Black IPA" fi lè wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "pale" wà nínú orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, àbúrò, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú IPA ni kó o máa kà.

West Coast: ó tòrò, ó gbẹ lẹ́nu, ìkorò rẹ̀ le, òórùn rẹ̀ dà bí igi páìnì àti èèpo ọsàn. Hazy, tàbí New England, tàbí NEIPA: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìpínlẹ̀ Vermont ló ti gbajúmọ̀, nípasẹ̀ Heady Topper, ọtí ilé ìpọntí The Alchemist. Ọkà ótì àti àlìkámà wà nínú rẹ̀, ó rú, ó rọ̀ lẹ́nu, ó gbóòórùn bíi máńgòrò àti ọ̀pẹ̀yìnbó, kò sì fi bẹ́ẹ̀ korò. Ẹni tó ń sọ pé òun ò fẹ́ IPA torí ìkorò, èyí ni kẹ́ ẹ gbé fún un. Session: kò sábà kọjá 5%. Double, Imperial, DIPA: ọ̀kan náà ni wọ́n, 7.5% sí 10%, ó ní adùn lẹ́nu tó ń bo agbára rẹ̀ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà. White: àlìkámà àti èèpo ọsàn. Milkshake: wọ́n fi ṣúgà wàrà sí i, kí ẹni tí wàrà ò bá lára mu yẹra fún un. Brut: ó gbẹ táútáú, kò sí adùn kankan.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan níwájú IPA, wo ibi tó ti ń jáde. Bó bá jẹ́ àgbá tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà nílé ọtí àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, retí èyí tó fúyẹ́, tó pọ́n, tí òtútù rẹ̀ ò pọ̀. Bó bá jẹ́ agolo tàbí ẹ̀rọ nílé ọtí àwọn apọntí kéékèèké, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà ń sọ, 5.5% sí 7.5%.

Bó o bá dé iwájú ẹni tó ń ta ọtí, má sọ pé "ẹ fún mi ní IPA" kó o wá dákẹ́. Bi í bóyá ó rú tàbí ó tòrò, bi í pé mélòó ni ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdáhùn méjèèjì tó. Ó tún lè ní kó o kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, má tijú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

AgbéÌwọ̀n

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan lórí ìdá yẹn, torí orúkọ kan náà ń tan èèyàn. Pint ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlílítà 568. Sọ ọ́ di ìlọ́po ìdá ọtí, kó o pín in sí 1000, ohun tó bá jáde ni yúnìtì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára ọtí tí èèyàn mu. IPA 3.6%: 568 × 3.6 ÷ 1000 = yúnìtì 2. IPA 6.5%: 3.7. DIPA 8.5%: 4.8. Pint kan DIPA ju pint méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Ìmọ̀ràn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kéèyàn má ju yúnìtì 14 lọ́sẹ̀. Láti 2011 ni òfin ti gbà wọ́n láyè láti ta ìdá méjì nínú mẹ́ta pint. Èyí tó bá ju 7% lọ, ìwọ̀n yẹn tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ẹ tún kíyè sí i o: nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, IPA ni wọ́n ń kọ sára ìgò isopropyl alcohol tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ. Májèlé ni fún ẹni tó bá mu ún. Ẹni tó bá ní i nílé, kó má bù ú sínú ìgò bíà láé, kó sì gbé e jìnnà sí ilé ìdáná.

ÌyáAlágbo

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ọjọ́. Òróró inú hops tó ń ta sánsán kì í pẹ́. IPA kì í ṣe ọtí àfipamọ́. Yí agolo náà dé, wo ìdí rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n dí i pa ni kó o máa wá, kì í ṣe ọjọ́ tó máa kú nìkan. Hazy, ó dára jù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. West Coast lè tó oṣù mẹ́ta. Inú fíríìjì ni kó wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí hazy bá ti bàjẹ́, ojú rẹ̀ á kúrò ní àwọ̀ ọsàn, á di eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, òórùn páálí tó rin á sì rọ́pò máńgòrò. Atẹ́gùn ọ́síjìn ló fà á.

Oòrùn ni ọ̀tá kejì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń fọ́ èròjà ìkorò hops, òórùn burúkú bíi ti ẹranko skunk á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bó bá jẹ́ ìgò funfun tàbí ìgò àwọ̀ ewé. Ìgò àwọ̀ ilẹ̀ ń gbà á dúró dáadáa, agolo ò tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé rárá. Ẹni tó bá ń rà á lọ sílé láti ọ̀nà jíjìn, agolo ni kó rà.

Má mu ún tútù bíi yìnyín. Dígírì 7 sí 10 ló dára, torí òtútù jù ń dí òórùn pa. Ní ti oúnjẹ, ìkorò IPA ń gé ọ̀rá lẹ́nu, ó bá ẹran díndín, àkàrà àti ẹja yíyan mu. Bí ata rodo bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, fi West Coast àti DIPA sílẹ̀: ìkorò àti agbára ọtí máa ń ru ata sókè ni. Hazy tàbí Session ló ń bá ata gbé.

AraÌkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ìbéèrè méjì. Ìkínní, bí èèyàn bá ní malt báálì àti hops pellet lọ́wọ́, tí yàrá ò sì lọ sílẹ̀ ju dígírì 29, ṣé IPA ṣeé pọn? Ìkejì, ṣé ewúro ò lè rọ́pò hops?

ÌkòkòGbígbóná

Ó ṣeé pọn. Ìwúkàrà ni kó o kọ́kọ́ yàn dáadáa. US-05 tí gbogbo ìlànà Amẹ́ríkà ń dárúkọ, dígírì 18 sí 20 ló fẹ́. Ní 29, á mú ọtí jáde tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti ohun tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà, tó sì ń jó ọ̀fun. Wá kveik, ìwúkàrà àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Norway. Èyí tí wọ́n ń pè ní Voss ń ṣiṣẹ́ láti 25 dé 40, òórùn ọsàn ló sì ń mú wá, tó bá hops mu.

Fún lítà 20: malt funfun kílò 4.9, malt crystal gíráàmù 300. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní chlorine, fi ìdajì hóró Campden kan, oògùn tó ń pa chlorine, sí i, rò ó, kó o sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bíà á gbóòórùn bí ilé ìwòsàn, kò sì sí ohun tó lè mú un kúrò. Fi gypsum gíráàmù 5 sí i, ohun tí omi Burton ní lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Gbé omi lítà 15.5 dé dígírì 71, da malt sí i, kó balẹ̀ sí 66. Ìṣẹ́jú 60, bò ó, má ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá kọjá 70, ọtí á wúwo lẹ́nu, adùn rẹ̀ á pọ̀ jù fún IPA. Sẹ́ ẹ, fi omi gbígbóná fọ èérí rẹ̀ títí tí ohun tó wà nínú ìkòkò á fi tó lítà 25. Sè é fún ìṣẹ́jú 60, láìdé e.

Hops wá ni. Òye ibi yìí ló ya IPA sọ́tọ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìkorò ò sí lára hops tútù bẹ́ẹ̀. Èròjà alpha acid inú rẹ̀ ní láti hó pẹ́ kó tó yí padà di ìkorò tó ń yọ́ sínú omi. Ṣùgbọ́n òróró tó ń ta sánsán ń bá ooru fò lọ. Nítorí náà, tètè fi sí i fún ìkorò, pẹ́ kó o tó fi sí i fún òórùn. Ìṣirò rẹ̀: hops gíráàmù 30 tí alpha rẹ̀ jẹ́ 12% ní alpha mìlígíráàmù 3600. Bó bá hó fún ìṣẹ́jú 60, nǹkan bí 21% nínú rẹ̀ ló ń yí padà, ìyẹn 756. Pín in sí lítà 20, wàá rí 38. Ohun tí wọ́n ń pè ní IBU nìyẹn. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fi Cascade gíráàmù 30 sí i, yóò fi nǹkan bíi 7 kún un. O ti wọ 45, ìlànà Amẹ́ríkà sì fi IPA sí àárín 40 sí 70. Lager tó wọ́pọ̀ kì í sábà ju 20 lọ. Pa iná, jẹ́ kó balẹ̀ sí 80, fi hops Citra tàbí Mosaic gíráàmù 60 sí i, rò ó díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kó o wá gbé ìkòkò sínú omi yìnyín títí yóò fi di 32.

Hydrometer, irinṣẹ́ tó ń wọn ṣúgà inú omi ọtí, yẹ kó fi 1.058 hàn. Da kveik sí i, dé e, fi okùn atẹ́gùn rẹ̀ sínú omi. Lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó yẹ kó ti sún mọ́ 1.012, ìyẹn nǹkan bíi 6%. Ìgbà yẹn ni kó o da hops gbígbẹ gíráàmù 100 sí i fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń gbóòórùn bíi koríko. Má rò ó, má jẹ́ kó ta síta nígbà tí ò ń dà á, torí ọ́síjìn tó bá wọ̀ ọ́ báyìí ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Ní ti ewúro: àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti fi ewúro àti orógbó dán bíà wò, ó sì ń korò dáadáa. Ṣùgbọ́n òórùn ọsàn àti máńgòrò yẹn ò sí lára ewúro. Pọn ọ́n, ó lè dára gan-an, kó o sì fún un lórúkọ tirẹ̀. Má kọ IPA sí i, torí hops ni ìtumọ̀ IPA lónìí.

AraÌkòròdú

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Hops tó bá ṣẹ́kù ńkọ́? Ṣé mo sì lè dí i sínú ìgò lọ́jọ́ kẹta yẹn gan-an?

ÌkòkòGbígbóná

Hops tó ṣẹ́kù, tẹ atẹ́gùn jáde nínú ọ̀rá rẹ̀, dì í pa, kó o gbé e sínú fírísà. Lórí tábìlì ní Ìkòròdú, láàárín oṣù díẹ̀ á máa rùn bíi wàràkàṣì.

Má dí ìgò lọ́jọ́ kẹta. Hops gbígbẹ ní èròjà tó ń já ṣúgà tí ìwúkàrà ò lè jẹ sí wẹ́wẹ́, ìwúkàrà á sì tún dìde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ inú ìgò ló ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìgò á fọ́ yángá. Yọ hops kúrò, wọn ọtí pẹ̀lú hydrometer lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra. Bí nọ́ńbà náà bá dúró sójú kan, gbé e sínú fíríìjì fún ọjọ́ kan kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Nǹkan bíi lítà 18 ló máa kù. Ṣúgà gíráàmù 6.5 fún lítà kan, ìyẹn 117 lápapọ̀, yọ́ ọ nínú omi gbígbóná díẹ̀, jẹ́ kó tutù, dà á sí i wọ́ọ́rọ́wọ́, kó o dí ìgò. Ìgò bíà tó nípọn ni kó o lò, kì í ṣe ìgò wáìnì. Lẹ́yìn ọjọ́ méje nínú ooru yàrá, gbé gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì.